Ọsàn Kíkan Ẹ̀yìnkùlé Bàbá Ọdẹkúnlé

Bí ẹ bá ti mu ọsàn dídùn kan rí láti Ẹ̀gùá títí dé Ìgàn-Aládé, tí omi rẹ̀ ṣàn dé ìgúnpá yín, ẹ yáa dúpẹ́ lọ́wọ́ Bàbá Ọdẹkúnlé. Ọsàn lílẹ̀ ni iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n là á yé ẹ̀yin tí ẹ kò mọ̀ ju kí ẹ bó o kí ẹ mu ún lọ: ọsàn kíkan ni wọ́n ń kọ́kọ́ gbìn, torí gbòǹgbò rẹ̀ le. Bí ó bá ga dé orúnkún, Bàbá á fi ọ̀bẹ kékeré kan la èèpo ara rẹ̀, á bẹ́ ojú kan lára igi ọsàn dídùn, á kì í bọ ibi tó là, á fi ọ̀rá dì í. Kò ní pẹ́, ojú àlejò á hù, wọ́n á gé orí onílé sọ nù, igi tó yẹ kó kan á sì máa so dídùn. Ọ̀bẹ yẹn kò gbọdọ̀ bẹ iṣu, kò gbọdọ̀ gé àlùbọ́sà. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, kò fọwọ́ kàn án títí tó fi kú.

Ọmọ méjì ni wọ́n bí. Lábísí ni àgbà, òun ló ń ta omi tútù àti mínírà lójú títì. Kòkúmọ́ ni àbúrò. Láti kékeré ni Bàbá ti ń mú Kòkúmọ́ lọ sóko, tó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń bẹ́ ojú ọsàn láìfi ọ̀bẹ kan igi inú. Ọwọ́ ọmọ náà dá ṣáṣá. Inú Bàbá dùn, ó ní òun ti rí àrólé. Àfi bí Kòkúmọ́ ṣe dìde lọ́jọ́ kan, tó kọjá bódà, tó lọ sí Kútọnu, tó di báámáànù tí ń po ọtí fún àlejò ní òtẹ́ẹ̀lì. Kò gba àdúrà kó tó lọ. Ìyá rẹ̀ ló gba ìbínú náà sára.

Ẹ má rò pé nítorí ọtí ni Bàbá ṣe ń bínú o. Ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì ń mu ẹmu, èyí kò sì dí tọ̀hún lọ́wọ́. Ohun tó ń dùn ún wọnú egungun ni pé ó kọ́ ọmọ níṣẹ́ tí ń sọ kíkan di dídùn, ọmọ lọ ń bu ọtí fún ọ̀mùtí. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í léèrè Kòkúmọ́, ìdáhùn kan ló ní: "Ó wà lọ́hùn-ún." Ó tán.

Ìgbà tó yá ni ìjọba ti bódà pa. Ìrántí ìyá wọn ni Kòkúmọ́ wá ṣe, ni wọ́n bá ti ọ̀nà mọ́ ọn níhìn-ín pẹ̀lú wa. Àwọn tó ń wá kó ọsàn lọ sí Àjàṣẹ́ lódìkejì bódà kò lè wọlé mọ́, ọsàn ń já bọ́ fúnra rẹ̀, ó ń jẹrà sábẹ́ igi, eṣinṣin nìkan ló rí oúnjẹ jẹ. Ọ̀gá òtẹ́ẹ̀lì pe Kòkúmọ́ lórí fóònù pé àyè rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀, ìgbàkígbà tí wọ́n bá ṣí ọ̀nà. Ọmọ náà wá kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan.

"Bàbá, ẹ̀ẹ̀kan ni mo lọ láìgbàdúrà. N kò ní ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹ kò bá ṣàdúrà fún mi, mo jókòó nìyẹn."

Bàbá kò wojú rẹ̀. Ó ní, "Kò sí àdúrà lẹ́nu mi fún iṣẹ́ tí n kò rójú rẹ̀ rí."

Lábísí tó ń gbálẹ̀ ju ìgbálẹ̀ sílẹ̀. Ẹnu rẹ̀ mú, ìyá rẹ̀ ló jọ. "Háà, Bàbá! Ẹ kò rójú rẹ̀ rí, ẹ sì ti dá a lẹ́jọ́ láti ọjọ́ yìí wá! Ẹ jẹ́ kó ṣe é níwájú yín."

Bàbá fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ó dáa. Kó ṣe é. Bí mo bá rí iṣẹ́ níbẹ̀, mà á ṣàdúrà. Bí n kò bá rí i, kó gbé àdá, ká jọ máa lọ sóko. Igi játijàti tó wà lẹ́yìnkùlé yìí la ó sì kọ́kọ́ gé."

Igi tí ń bẹ lẹ́yìnkùlé náà, ọsàn kíkan ni. Bàbá fúnra rẹ̀ ló lẹ̀ ẹ́ nígbà kan, ṣùgbọ́n orí dídùn ti kú, ìdí sì hu orí tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń mu ún. Ìgbín ni ìyá wọn máa ń fi omi rẹ̀ fọ̀.

Ọjọ́ Sátidé ni wọ́n fi sí. Ìgò ọtí rọ́ọ̀mù kan wà nínú báàgì Kòkúmọ́, èyí tó fẹ́ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ọ̀kan ṣoṣo. Yìnyín ló di wàhálà. Ìjọba ti ní kí wọ́n má ta epo nítòsí bódà mọ́, jẹnẹrétọ̀ gbogbo àdúgbò ti dákẹ́, fíríìjì Lábísí ti di àpótí aṣọ. Ayétòrò ni Lábísí ti lọ ra yìnyín wá, ó fi àpò dì í, ó gbé e sínú kúlà oúnjẹ, ó gun ọ̀kadà bọ̀ nínú eruku ọyẹ́. Ìgbà tó máa fi dé, ìdajì ti domi, òun fúnra rẹ̀ sì pupa bí ilé ikán. "Ẹ yára ṣe é o," ló ń pariwo láti ìta, "n kò ní padà lọ!"

Kòkúmọ́ bu omi ọsàn dídùn kan sẹ́nu, ó mi orí. "Ó dùn jù."

"Ọsàn mi ló dùn jù?" Bàbá fẹ́rẹ̀ẹ́ dìde.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ìrèké ni wọ́n fi ṣe ọtí yìí, òun náà ní adùn tirẹ̀. Dídùn lórí dídùn, ẹnu á sú ni."

"Ìrèké? Èyí tí àwọn ọmọdé ń jẹ káàkiri yìí?" Bàbá gba ìgò náà, ó wò ó lójú oòrùn, ó gbóòórùn rẹ̀, ó dá a padà. Ìyanu àkọ́kọ́ nìyẹn, kò sì jẹ́ kó hàn lójú.

Ọsàn wẹ́wẹ́ tó máa ń fún sí irú ọtí bẹ́ẹ̀ kò sí lọ́jà lásìkò náà. Kòkúmọ́ bá gba ẹ̀yìnkùlé lọ, ó ká èso méjì lára igi tí wọ́n fẹ́ gé, ó kó wọn wọlé.

"Ti ìgbín!" ni Bàbá wí.

"Òun náà ni, Bàbá." Ọmọ náà gbé ọ̀bẹ ìdáná, ó wò ó, ó gbé e sílẹ̀. Ó rọra yíjú sí bàbá rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi lọ́bẹ yín."

Lábísí káwọ́ lórí. Ṣùgbọ́n oníṣẹ́ ọwọ́ ni Bàbá Ọdẹkúnlé, ó sì mọ̀ pé ẹni tó bá fẹ́ dán oníṣẹ́ wò kì í fún un lọ́bẹ tó kú. Ó yọ ọ́ lápò, ó fi aṣọ nù ún, ó na èkù rẹ̀ sọ́mọ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ojú Bàbá ti là. Kòkúmọ́ fi àtàǹpàkò ti ẹ̀yìn ọ̀bẹ, ó mú ọ̀bẹ dúró, ọsàn ló ń yí. Èèpo ń jáde ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, àwọ̀ ìta nìkan, kò fọwọ́ kan funfun abẹ́ rẹ̀ tó korò. Bàbá mọ ọwọ́ yẹn. Òun ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó, ìka kan tẹ̀lé ìkan, lábẹ́ igi lóko.

Kòkúmọ́ fún omi ọsàn kíkan náà, ó sẹ́ ẹ, ó da ọtí lé e, ó bu oyin díẹ̀ sí i. Ó kó yìnyín sínú ife onírin kan, ó da gbogbo rẹ̀ sí i, ó fi èkejì dé e lórí, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ etí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n ọ́n. Kò gbọ̀n ọ́n bí ẹni tó ń jà. Ó tẹ́tí sí i. Yìnyín ń ró wọ̀ọ̀wọ̀, ìró náà ń yí padà, ń rọ̀, ìrì sì bo ara irin náà nínú ọyẹ́ gbígbẹ yẹn, débi pé Bàbá nawọ́ fọwọ́ kàn án kó lè gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Nígbà tí ìró náà rọ̀ tó bó ṣe fẹ́, ọmọ náà dúró, ó sẹ́ ẹ sínú gíláàsì ìyá rẹ̀. Ó mú èèpo fẹ́lẹ́ náà, ó fún un lókè ọtí, òórùn ọsàn bá gba inú ilé kan. Lábísí ní, "Jésù!"

Bàbá tọ́ ọ wò.

Kíkan ló kọ́kọ́ bá a lẹ́nu, kó tó fajú ro, dídùn ti dé, kíkorò díẹ̀ tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni ọtí wá móoru lọ́nà ọ̀fun. Ó tún mu ún. Ó pa ojú dé. Ẹ jẹ́ kí n sọ fún yín ohun tó ń wá. Kò sí igi tí wọ́n lẹ̀ láyé tí kò ní àpá. Bó gbó tó ogójì ọdún, Bàbá á na ìka sí ibi tí àlejò ti pàdé onílé. Àpá yẹn ló ń wá nínú ọtí. Ó wá a, wá a, kò rí i. Ẹ̀rù bà á, ẹ̀rù rere, bí ẹni tó wọ ilé tó tóbi ju èyí tó rò lọ.

"Kòkúmọ́," ó ní, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, "àpá rẹ̀ dà?"

Ẹlòmíràn ì bá béèrè pé àpá kí ni. Ọmọ náà kò béèrè. "Ó parẹ́ níbi tí mo ti gbọ̀n ọ́n, Bàbá. Bí mo bá gbọ́ pé ó ti parẹ́ ni mo máa ń dúró."

Omi bọ́ lójú Bàbá Ọdẹkúnlé, kò sì nù ún. "Mo rò pé o sá fún iṣẹ́ mi ni," ó ní. "Àṣé o gbé e lọ ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé o gbé e lọ."

Kòkúmọ́ dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá gbé ọwọ́ lé e lórí, ó ṣàdúrà. Àdúrà àtẹ̀yìnwá àti ti ọjọ́ iwájú ló pa pọ̀, ó pe orúkọ ìyá wọn sí i, ó gùn débi pé yìnyín tó kù nínú kúlà yọ́ tán, Lábísí sì ń ṣàmín pẹ̀lú omijé.

Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, Tíṣà Akínbọ̀wálé ń kọjá lọ sí ilé ìwé, ó bá Bàbá lẹ́yìnkùlé. Wọ́n ti ro ìdí igi kíkan náà mọ́ tónítóní. Bàbá ń bẹ́ ojú lára rẹ̀, ó ń kì í bọ ara àwọn ọ̀dọ́ igi tó tò sílẹ̀. Tíṣà wò ó, ó ṣe é ní kàyéfì.

"Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ṣé kì í ṣe kíkan lẹ ń lẹ̀ yẹn? Ta ni yóò mu ún?"

Bàbá kò gbójú sókè kúrò lára ọ̀bẹ rẹ̀.

"Báámáànù lọmọ mi, ní Kútọnu," ó ní. "Ọsàn rẹ̀ ni mò ń lẹ̀."