Òjìji Igi Apá àti Ilé Ìdáná Ìyá Àgbà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ọ̀fà níbí, mo ká òjìji igi apá kan bí ẹní, mo fi há abíyá, mo gbé e lọ fi han tíṣà ìṣirò wa. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ n rò ó délẹ̀.

Agégi ni bàbá mi. Láyé ìgbà náà, tí agégi bá fẹ́ mọ ibi tí igi máa wó dé, á kẹ̀yìn sí i, á bẹ̀rẹ̀, á yọjú láàárín itan rẹ̀ méjèèjì. Ibi tó bá dúró sí tó ti rí téńté igi, ibẹ̀ náà ni orí igi ń bọ̀.

Igi apá ẹ̀yìnkùlé wa gbẹ, ẹ̀ka rẹ̀ sì ń já lu èèyàn. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí a lè wó o sí ni ọ̀nà ilé ìdáná ìyá àgbà. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ títí, ìbàdí wọn ti le, wọn ò lè tẹ̀ dáadáa mọ́, wọn ò rí téńté igi àfi ìgbà tí wọ́n sún kọjá ilé ìdáná. Wọ́n ní ká wó ilé náà. Ìyá àgbà, tó fọwọ́ ara wọn mọ ọ́n, jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n ní, "Wó èmi náà mọ́ ọn."

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni tíṣà wa, obìnrin tí ṣọ́ọ̀kì nìkan kì í tó fún láti fi kọ́ wa, kó wa jáde sínú oòrùn. Wọ́n ri ọ̀pá kan mọ́lẹ̀. Nígbà tí òjìji ọ̀pá náà gùn tó ọ̀pá gẹ́lẹ́, wọ́n ní, "Ó yá, ẹ wọn òjìji òpó àsíá. Bó ṣe gùn tó ni òpó ga tó." Ẹnu wa ò lè padé.

Mo délé, mo ri ọ̀pá tèmi. Nígbà tó bá òjìji rẹ̀ dọ́gba, mo fi okùn wọn òjìji igi apá. Mo wá na okùn náà láti ìdí igi sọ́nà ilé ìdáná. Kò débẹ̀.

Bàbá mi ní, "Torí òjìji ni kí n ṣe fi ilé ìyá mi ta tẹ́tẹ́?"

Ìyá àgbà ní, "Ilé mi ni. Gé e."

Igi wó, eruku bo gbogbo wa. Nígbà tó rọlẹ̀, àyè tó wà láàárín orí igi àti ògiri kò ju ibi ìjókòó ènìyàn kan lọ. Ìyá àgbà sì lọ jókòó síbẹ̀. Bàbá mi ní, "Ọmọ yìí gbọ́n jù mí lọ."

Lónìí, fóònù á sọ gíga igi fún ọmọ-ọmọ mi lórí ìjókòó, kò sì ní yà á lẹ́nu. Èmi tí mi ò ka ju fọ́ọ̀mù tíríì lọ, ó ṣì ń yà mí lẹ́nu.

Okùn ni mo ká lọ fi han tíṣà o, kì í ṣe òjìji. Ọ̀rọ̀ "gbọ́n jù mí lọ" tí mo ní bàbá mi sọ yẹn náà, èmi ni mo hun ún. Àmọ́ láti ọjọ́ náà, tí wọ́n bá fẹ́ gé igi, wọ́n á dúró kí n kọ́kọ́ ti ilé ìwé dé.