Irun Àgùntàn Flanders

Ọmọ mi kan ṣoṣo ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ìlú Ghent, ní ilẹ̀ Belgium. Tó bá pè mí níbí, ní àdúgbò Lotto ní Mowe, a máa sọ̀rọ̀ iná àti òjò, ọ̀rọ̀ á sì tán. Kí a lè rí nǹkan sọ ni mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn ibẹ̀. Láyé àtijọ́, Flanders ni wọ́n ń pe agbègbè náà. Ìjòyè tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ káúntì ló ń ṣàkóso rẹ̀, aṣọ híhun ló sì sọ ọ́ di ọlọ́rọ̀. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni irun àgùntàn tí wọ́n fi ń hun aṣọ náà ti ń wá.

Mo sọ ọ́ fún un lọ́jọ́ Sunday kan, nígbà tí gbogbo ilé tó yí mi ká ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ó bú sẹ́rìn-ín. “Mọ́mì, ọ̀jọ̀gbọ́n! Èmi tí mò ń gbé ibẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. Ta lẹ máa ń sọ gbogbo èyí fún?”

“Ìwọ nìkan ni.”

Ó ní, “Ẹ jẹ́ n jókòó ná. Tí irun àgùntàn ò bá wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́ ńkọ́?”

“Ebi á pa àwọn ahunṣọ nìyẹn,” mo ní, mo sì fa àga mi sún mọ́ fèrèsé, níbi tí mo ti ń gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa.