Fódà Tí Mo Fi Ti Ara Mi Mọ́lé

Ilé kéú bàbá mi ni mo ti kọ́ bí a ṣe ń jókòó pẹ́ nídìí ohun kan. Bóyá ìdí nìyẹn tí ọ̀gá mi fi yàn mí nígbà tó ra kọ̀ǹpútà, bí àwọn ọdún 1990 ṣe ń parí lọ. Iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ló ń ṣe, ọ́fíìsì rẹ̀ sì wà lójú ọ̀nà Tanke. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni. Òun ló gbà mí síṣẹ́ nígbà tí ọ̀nà ìwé dí mọ́ mi, òun náà ló rán mi lọ kọ́ kọ̀ǹpútà. Mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lórí rẹ̀ títí di òní.

Gbogbo ìwé àwọn oníbàárà wà nínú ẹ̀rọ náà, nínú fódà tí mo ṣí fúnra mi. Bí a ṣe ń béèrè ènìyàn ní Ìlọrin ni mo ṣe tò wọ́n: àdúgbò wo, agboolé wo, ọmọ ta ni. Fódà àdúgbò ló wà níta, ti agboolé wà nínú rẹ̀, ti ìdílé wà nínú ìyẹn. Alhaji tó ń jẹ́ orúkọ kan náà lè tó mẹ́wàá lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n tí ẹnì kan bá ti kí mi, tó dárúkọ agboolé rẹ̀, mo ti mọ fódà tí màá ṣí. Àwọn tí kì í ṣe ọmọ Ìlọrin, mo kó gbogbo wọn sínú fódà kan, mo pè é ní Àlejò.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún méjì, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ gbà mí. Láti kékeré ni mo ti ń fi iṣẹ́ olùkọ́ ṣe àdúà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fún wa láti wá forúkọ sílẹ̀. Ọ̀gá mi ka lẹ́tà náà, ó bá mi yọ̀, ó wá ní kí n kọ́kọ́ fi ẹni tó lè rí ìwé nínú kọ̀ǹpútà láìsí èmi sílẹ̀. Bàbá mi náà ní n kò gbọdọ̀ kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó ṣe mí lóore láìgba ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì tọ̀nà. Ìyẹn gan-an ló há mi mọ́: kò sí ẹni tí mo lè bínú sí.

Obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti Ọ̀mù-Àrán ni ọ̀gá gbà. Ó jù mí lọ, mo ń pè é ní àǹtí. Ọmọ Àfáà lòun ń pè mí. Odindi ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń ka agboolé fún un bí ẹni ń ka wàláà fún ọmọ kéú. Nígbà tó pé, Alhaji kan, oníbàárà wa tó ń ta màálù ní ọjà Ìpata, wọlé. Ọ̀gá ní kí n bọ́ síta, kí n má sọ̀rọ̀, kí àǹtí wá ìwé rẹ̀. Láti ojú fèrèsé ni mo ti ń wò ó. Ó ṣí fódà kan, ó padà, ó ṣí òmíràn. Mo mọ ibi tó wà. Nígbà tó sú ọ̀gá, ó pè mí wọlé, n kò tíì jókòó dáadáa tí mo fi rí i. Alhaji náà rẹ́rìn-ín, ó ní kí ọ̀gá kúkú fi ṣẹkẹ́ṣẹkẹ̀ dè mí mọ́ ẹ̀rọ náà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ kejì, nígbà tí mo kírun Àìlà tán, mo bá àǹtí nídìí fódà Àlejò. Ó ti rí orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ níbẹ̀.

"Ọmọ Àfáà, ọdún mélòó lèèyàn ń lò ní Ìlọrin kó tó kúrò ní àlejò?"

Ojú tì mí. Mo ní kó máà bínú, pé n kò mọ agboolé wọn ni.

"Ṣé agboolé lẹ ń wọ̀n ni? Ilẹ̀ lẹ ń wọ̀n. Ẹni tó ni ín lè tà á lọ́la, ilẹ̀ ò ní kúrò níbi tó wà."

Ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀ ló kù kí ìforúkọsílẹ̀ parí. Ọjọ́ yẹn ni mo gbà pé dídá tí mo dá mọ ọ̀nà yẹn ti ń dùn mọ́ mi. Bẹ́ẹ̀ àmánà ni ìmọ̀, ohun tí Ọlọ́run fi síkàáwọ́ ẹni kí a lè fi lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Bàbá mi kì í kọ́ ọmọ kí ọmọ lè máa pè é ní gbogbo ìgbà tó bá fẹ́ kàwé.

A tú gbogbo rẹ̀ ká. Ibi tí ilẹ̀ wà la fi tò ó: Tanke, Malete, gbogbo ibi tí ọ̀gá ti wọnlẹ̀ rí. Nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, a to orúkọ bí a-b-d. A kọ àkọsílẹ̀ gbogbo fódà sí ojú ìwé kan, a fi í síbi tí ojú ẹnikẹ́ni tó bá tan ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ bà. Nígbà tí mo pa fódà agboolé wa rẹ́, ó ṣe mí bákan.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìforúkọsílẹ̀ máa parí. Ní Àlàmísì, ọ̀gá tún ní kí n bọ́ síta. Ó dárúkọ oníbàárà kan. Àǹtí béèrè ohun kan péré, ibi tí ilẹ̀ náà wà, kò sì pẹ́ tó fi rí i. Ọ̀gá jáde wá bá mi.

"Ó dáa. Máa lọ. Ọlọ́run á fi àlùbáríkà sí i."

Nígbà tí a gba ọlidé, mo lọ kí wọn. Àǹtí ní kí n bá òun wá ìwé ẹnì kan. Mo jókòó, mo béèrè agboolé ẹni náà.

"Ojú ìwé àkọ́kọ́, ọmọ Àfáà," àǹtí sọ láìgbójú sókè. "Kà á bí gbogbo wa ṣe ń kà á."

Mo kà á.