Òǹtẹ̀ Màmá Tak Ló Ti Ilẹ̀kùn Mọ́ Màmá Tak

Màmá Tak Geum-nyeo kú lọ́jọ́ kejì Malbok, ọjọ́ tó kẹ́yìn nínú ọjọ́ ooru mẹ́ta tí wọ́n ń ṣàmì sí lọ́dọọdún, lẹ́yìn tí gbogbo Seoul ti jẹ adìẹ tí wọ́n fi gbòǹgbò jinseng sè tán kí ooru má baà dá wọn dùbúlẹ̀. Ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́rin ni. Yàrá kan tí wọ́n fi páànù kàn sórí òrùlé ilé alájà mẹ́ta ló kú sí. Onílé rẹ̀ gòkè lọ kó ata tó sá sóòrùn, ó pè é, kò jẹ́, ló bá ti ilẹ̀kùn wọlé. Fáànù ṣì ń yí, ooru ló sì ń fẹ́ lu òkú. Dókítà kọ ọ́ sínú ìwé pé ooru ló pa á. Dókítà kò purọ́, ṣùgbọ́n kò mọ ìdajì ọ̀rọ̀ náà, èmi ni mo mọ̀ ọ́n.

Ọdún mọ́kànlá ni Màmá Tak fi tọ́jú ilé wa, Dalmaru, ilé alájà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí ẹ lè máa wò láti ẹnu ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Òun ló ń gbá àtẹ̀gùn, òun ló ń nu bọ́tìnnì ẹ̀rọ tó ń gbé wa gòkè, òun náà ló ń ya ike sọ́tọ̀ kúrò lára páálí tí àwa ọ̀mọ̀wé bá dà pọ̀ mọ́ra. Ó máa ń ti ara ìdọ̀tí mọ ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Nígbà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún mi lọ́dún kẹta sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó kan gbé abọ́ ògì ìrẹsì wá sẹ́nu ọ̀nà mi ni, ó ṣì gbóná.

"Tíṣà, ẹ jẹ ẹ́ tán o," ló wí. "Èmi ni mo ń kó ìdọ̀tí yín. Bí ẹ bá dà á nù, màá mọ̀."

N kò kọ́ ọmọ kankan rí láyé mi. Ẹni tó bá ti ń kọ̀wé sínú ìwé ìròyìn ni wọ́n ń pè ní tíṣà níbí, mo sì ti jẹ́ orúkọ yẹn títí ó fi mọ́ mi lára. Mo jẹ ògì náà tán. Màá sọ ohun tí mo fi san án padà fún un láìpẹ́.

Bí a bá bi í léèrè ibi tó ń gbé, ẹ̀rín ló máa fi dáhùn. "Ilé òkè lèmi náà wà. Ẹ̀yin wà ní àjà kejìdínlógún, èmi wà lókè pátápátá. Kò sẹ́ni tó ń rìn lórí mi àfi Ọlọ́run." A máa ń bá a rẹ́rìn-ín. Ẹnì kankan nínú wa kò gun àtẹ̀gùn ọ̀hún lọ wò ó rí. Ìgbà tí òkú rẹ̀ ti sọ̀kalẹ̀ tán ni mo tó gòkè débẹ̀, mo gbé ọwọ́ lé ògiri, mo sì tètè gbé e kúrò.

Ilẹ̀ kan wà láàárín Dalmaru àti ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ibi tí àwọn ènìyàn ń gbé mọ́tò sí. Òfin ìlò ilẹ̀ sọ pé ilé tí wọ́n bá kọ́ síbẹ̀ kò gbọdọ̀ ju àjà mẹ́rin lọ, àti pé ìdílé kọ̀ọ̀kan tó bá máa gbébẹ̀ gbọ́dọ̀ ní àyè mọ́tò tirẹ̀. Nítorí náà kò sẹ́ni tó kọ́ nǹkan kan síbẹ̀. Ilẹ̀ ẹ̀bá ọkọ̀ ojú irin wọ́n bí ojú. Bí ìdílé mẹ́jọ bá pín in, olówó nìkan ni yóò lè gbébẹ̀. Bí ọgọ́ta ìdílé bá pín in, ọ̀rọ̀ yí padà, ẹni tó ń gbálẹ̀ náà lè rí igun kan. Ẹni tó bá ti dá ọbẹ̀ nìkan sè rí, tó sì ti bá èrò sè é rí, mọ ìyàtọ̀ tó wà nínú méjèèjì.

Ìjọba àdúgbò rò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ó ṣe yẹ kí wọ́n rò ó. Ní ìgbà ìrúwé ọdún tó kọjá, wọ́n gbé àbá jáde: kí òfin gba àjà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún láyè lórí ilẹ̀ yẹn, kí ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀, kí ilé ìgbé wà lókè, kí wọ́n má ṣe béèrè àyè mọ́tò lọ́wọ́ àgbàlagbà tí kò ní ju bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ ọ gbọ́dọ̀ fi ilé kan nínú mẹ́ta sílẹ̀ fún àwọn tí owó wọn kò tó. Ẹni tó bá ti dàgbà, tó sì ń ṣiṣẹ́ ní àdúgbò, ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè. Ta lẹ rò pé wọ́n ń sọ?

Àwa ará Dalmaru gbọ́, a sì fárígá. Láàárín ọjọ́ méjì, bánà pupa ti bo ara ilé wa láti òkè délẹ̀: A KỌ̀ Ọ́ TÍTÍ DÓJÚ IKÚ! OÒRÙN JẸ́ Ẹ̀TỌ́ WA! Ẹ bá mi wo ọ̀rọ̀ yìí. Àwa tí a wà ní àjà mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni a ń ké pé àjà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún máa dí oòrùn wa. Àwa tí a gbé ẹ̀rọ amúlétutù kọ́ sí yàrá mẹ́rin ni a ń jà fún oòrùn. Ohun tó wà lọ́kàn wa gan-an ni pé iye tí wọ́n lè fi ra ilé wa máa já, ṣùgbọ́n ìyẹn kò ṣe é kọ sára bánà.

Ọ̀gbẹ́ni Maeng ni alága ẹgbẹ́ onílé wa. Nígbà tó ka òǹtẹ̀ tí àwa onílé fi buwọ́ lu ìwé ẹ̀hónú wa, tí kò pọ̀ tó bó ṣe fẹ́, ó gbé ìwé náà sọ̀kalẹ̀ lọ sí yàrá tí àwọn òṣìṣẹ́ ti ń sinmi, nísàlẹ̀ ilẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi. Mo wà níbẹ̀. Bàrà olómi ni mo gbé lọ fún wọn, inú mi sì ń dùn sí ara mi.

Màmá Tak kì í tẹ òǹtẹ̀ sí ìwé tí kò bá tíì kà. Ó fi ìka tọ́ ìlà kọ̀ọ̀kan, ẹnu rẹ̀ ń mì. Nígbà tó kà á tán, ó gbójú sókè.

"Alága, ṣé kì í ṣe ilé tí àwọn bíi tèmi lè rí gbà lẹ ní ká kọ̀ yìí?"

"Háà, Màmá! Ẹ má fìyẹn da ara yín láàmú. Kí wọ́n tó kọ́ ọ tán, ẹ ó ti darúgbó."

"Mo rò pé mo ti darúgbó ni."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Alága náà rẹ́rìn-ín, ó wá rọra ti páálí ìwé náà síwájú. "Oṣù tó ń bọ̀ la máa sọ ìwé iṣẹ́ gbogbo yín dọ̀tun. Ẹ jẹ́ ká fi ọkàn kan ṣe é. Ṣé ẹ rí i?"

Màmá Tak kò wo Alága mọ́. Èmi ló wò.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Bí mi ò bá tẹ̀ ẹ́ ńkọ́?"

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọjà ni mo wà lọ́jọ́ yẹn, mo sì ń wo orí tó ń wọ́. Mo ti tẹ òǹtẹ̀ tèmi lọ́jọ́ mẹ́ta ṣáájú, n kò fẹ́ kó mọ̀, n kò sì fẹ́ bá Alága fa ọ̀rọ̀. Mo dáhùn pé: "Màmá, ẹ tẹ̀ ẹ́ jàre. Ìwé lásán ni. Ìjọba kì í ka irú nǹkan báwọ̀nyí."

Ó mú òǹtẹ̀ rẹ̀ jáde nínú àpò kékeré tó so mọ́ ìdí. Igi ni, kò nípọn ju ọmọńdinrín lọ. Ó mí sí i lẹ́nu, háà, bí àwọn àgbà ṣe ń ṣe, ó sì tẹ̀ ẹ́ ṣinṣin. Lẹ́yìn náà ó gé bàrà, ó sì fún mi ní èyí tó dùn jù láàárín.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, mo kọ ọ̀rọ̀ kan sí ojú ìwé yìí nípa bí ìlú ṣe ń gbàgbé àwọn àgbàlagbà. Àwọn ènìyàn kọ̀wé sí mi pé ó mú wọn sunkún. Ẹnu dùn ún ròfọ́.

Ìjọba ka ìwé náà. Wọ́n kà á dáadáa. Wọ́n dá àbá dúró, wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ síta: irínwó òǹtẹ̀ ó lé méjìlá, "ìfẹ́ àwọn ará àdúgbò". Bí Màmá Tak ṣe di ará àdúgbò nìyẹn! Ọdún mọ́kànlá ló fi gbá ilẹ̀ wa, kò di ará àdúgbò. Ọjọ́ tí a fẹ́ kó dìbò lòdì sí ara rẹ̀ nìkan ló di ará àdúgbò, nígbà tó sì di alẹ́ ó padà sórí òrùlé. Ta ló yẹ òǹtẹ̀ wọ̀nyẹn wò? Ṣé kò sí òṣìṣẹ́ kan ní ọ́fíìsì yẹn tó bi ara rẹ̀ pé kí ló dé tí agbálẹ̀ méje àti ọlọ́dẹ márùn-ún fi ń bínú sí ilé olówó pọ́ọ́kú?

A sin ín láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ènìyàn mẹ́fà ló wá. Ẹgbẹ́ onílé Dalmaru fi òdòdó ẹ̀yẹ ńlá ránṣẹ́, ó ga ju mí lọ, ọ̀já funfun sì wà lára rẹ̀ tí wọ́n kọ ìbánikẹ́dùn sí. Mo mọ ìkọ̀wé yẹn. Ilé ìtẹ̀wé tó ṣe bánà wa náà ló ṣe é. Alága Maeng wọ aṣọ dúdú, ó foríbalẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì níwájú fọ́tò rẹ̀ láìkù síbì kan, ó wá jókòó ti ọbẹ̀ ẹran oníata.

"Ènìyàn dáadáa ni," ló wí. "Ká ní ó sọ fún wa pé ooru ń dà á láàmú ni."

"Ó sọ fún yín, Alága."

"Nígbà wo?"

"Lọ́jọ́ òǹtẹ̀."

Ó wò mí. "Tíṣà, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní kó tẹ̀ ẹ́," ló wí, ó sì bu ọbẹ̀ sẹ́nu. Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín lọ. Ẹlòmíràn ti kú, èmi ni ẹ̀sín kù sọ́wọ́.

Màmá Tak kò ní mọ̀lẹ́bí, onílé rẹ̀ bá kó ẹrù rẹ̀ tí kò kún báàgì fún mi. Òǹtẹ̀ náà wà nínú rẹ̀. Mo mú un lọ sí ọ́fíìsì ìjọba àdúgbò. Mo ní mo fẹ́ yọ òǹtẹ̀ mi kúrò nínú ìwé ẹ̀hónú yẹn, kí wọ́n sì yọ ti Màmá Tak pẹ̀lú. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́.

"Mà, tiyín ṣe é yọ. Ṣùgbọ́n tiwọn, àwọn fúnra wọn ló gbọ́dọ̀ wá."

"Wọ́n ti kú."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, kò ṣe é yọ mọ́."

Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà lọ́wọ̀n-ọ́n. Mo ti rí i bí ó ṣe rí.

Ìgbìmọ̀ ìlò ilẹ̀ máa jókòó lọ́jọ́ Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìta gbangba ni. Mo fẹ́ kí wọ́n gbé àbá yẹn padà wá, àjà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún rẹ̀, ilé kan nínú mẹ́ta rẹ̀, láìgé nǹkan kan kúrò. Mo fẹ́ mọ orúkọ ẹni tó ka òǹtẹ̀ òṣìṣẹ́ mọ́ ti onílé. Mo fẹ́ kí Alága Maeng dìde kó sọ ohun tí ìwé iṣẹ́ ń wá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé ẹ̀hónú. Ooru ọdún tó ń bọ̀ ti ń bọ̀ lọ́nà, àwọn mìíràn sì wà lórí òrùlé ní àdúgbò yìí tí wọ́n ń gbá ilẹ̀ ẹlòmíràn.

Màá gbé òǹtẹ̀ Màmá Tak sórí tábìlì wọn, kí wọ́n gbé e, kí wọ́n ka orúkọ tó wà nídìí rẹ̀ sókè, kí wọ́n sì sọ fún wa ibi tí ará àdúgbò yìí ń gbé. Kí wọ́n tó bi ẹnikẹ́ni ní ìbéèrè, èmi Seon Hye-in, àjà kejìdínlógún, ni kí wọ́n kọ́kọ́ pè. Ẹnu mi ló wò kó tó tẹ̀ ẹ́.