Òwú Inú Ọ̀bọ̀kún

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé ní Awóyè, kò sí ẹgbẹ́ mi tó mọ inú ẹja bíi tèmi. Kì í ṣe pé mò ń yangàn o. Mi ò kà ju ìwé mẹ́ta lọ, ṣùgbọ́n ẹ gbé ẹja síwájú mi, màá sọ ohun tó jẹ lánàá fún yín.

Lọ́jọ́ kan, bàbá mi fa àwọ̀n rẹ̀ sókè lójú òkun, ó bá a tó ti ya láàárín, ihò náà gba èèyàn. Òun àti aládùúgbò wa kan ti ń jà tẹ́lẹ̀ lórí ibi tí wọ́n ń dẹ àwọ̀n sí. Kíá, bàbá mi ní ọkùnrin yẹn ló fọ̀bẹ gé e. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò lè mọ bó ṣe wúwo tó. Lábúlé wa, ẹni tó bá gé àwọ̀n ẹlòmíràn, wọ́n á lé e lọ ni, tìyàwó tọmọ. Àwọn àgbà ti pé jọ. Ìyàwó ọkùnrin náà ti ń di ẹrù sínú ọkọ̀, ó ń sunkún.

Èmi sì ń la inú ọ̀bọ̀kún kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Kí ni mo rí? Òwú funfun tín-ín-rín, ó lọ́ mọ́ ẹ̀dọ̀ ẹja! Gbogbo wa ló gbà nígbà náà pé ẹja tó bá ní irú òwú bẹ́ẹ̀ nínú, àwọ̀n ló jẹ tó fi sá lọ. Mo figbe ta: "Bàbá, ẹja ló jẹ àwọ̀n yín o!" Mo gbé e síwájú àwọn àgbà. Wọ́n wò ó, wọ́n ní ẹja ló jẹ̀bi. Bàbá mi bẹ aládùúgbò. Láti ọjọ́ náà, Lọ́yà Ẹja ni wọ́n ń pè mí, ó sì tọ́ sí mi.

Àfi lọ́dún yìí. Obìnrin kan wá láti yunifásítì sí èbúté Ìgbọ́kọ̀dá, ó ń ra ẹja òkun, ó ń la inú wọn. Mo bá a la ọ̀bọ̀kún, òwú yọ. Mo rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí, ẹ má dara yín láàmú. Òwú àwọ̀n ni."

Ó fi í sínú omi, ó ní kí n fojú sí awò kan tó ń sọ kékeré di ńlá. Yéè! Òwú ń yí! Ó lẹ́nu, ẹnu ní ètè mẹ́ta!

"Aràn ni, bàbá. Irú èyí ò tíì sí nínú ìwé kankan tí mo mọ̀. A ṣì máa yẹ púpọ̀ wò ká tó sọ ọ́ lórúkọ."

Tí kì í bá ṣe ẹja, ta ló gé àwọ̀n bàbá mi?

Bàbá mi ti kú, ṣùgbọ́n aládùúgbò náà wà láyé. Mo wọkọ̀ lọ bá a, mo ròyìn aràn fún un. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi húkọ́.

"Lọ́yà, ẹjọ́ ti yí nìyẹn! Èmi ni mo gé e. Mo ti dìde láti jẹ́wọ́ fáwọn àgbà lọ́jọ́ náà, kó o tó gbé ẹja rẹ dé."



Nígbà tiwa, àgbà á fojú lásán wo nǹkan, ọ̀rọ̀ á tán, abúlé á sùn. Lónìí awò ti dé, ó ń sọ òótọ́ fẹ́ni tí kò bi í. Bàbá arúgbó náà gbé púpurú àti ọbẹ̀ ẹja síwájú mi, ó ní kí n jẹun. Mo bu òkèlè kan. Mo rántí bí bàbá mi ṣe bẹ ọkùnrin yìí, mo dá òkèlè náà padà sínú àwo.