Àlàájì Bínú Nítorí Jésù

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, díẹ̀ báyìí ló kù kí onílé lé wa jáde lónìí! Mo sáré wá síbi kọ̀ǹpútà l'Ágbowó kí n lè tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ sí yín lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi yá kásẹ́ẹ̀tì fíìmù kan ní Dùgbẹ̀. Àwòrán Jésù wà lára páálí rẹ̀. Bí Dádì, tí wọ́n jẹ́ díákónì, ṣe rí i, wọ́n ní ká lọ pe Àlàájì onílé wa wá wò ó, bóyá Olúwa á fọwọ́ tọ́ ọkàn wọn.

Àlàájì wá o, pẹ̀lú tẹ̀súbáà lọ́wọ́. Wọ́n jókòó sórí àga Dádì gan-an.

Àfi bí Jésù inú fíìmù ṣe lọ ń gbéyàwó!

Ẹnu Dádì ò lè padé mọ́. Èmi ti ń ro ibi tá a máa kó ẹrù wa sí. Ni Àlàájì bá fò dìde.

“Díákónì! Ànábì Ísà ni wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ báyìí, tẹ́ ẹ jókòó tẹ́ ẹ̀ ń wò ó?”

“Ẹ má bínú, Àlàájì, a ò mọ̀ pé bó ṣe rí nìyẹn.”

“Ṣé èmi Mùsùlùmí ló wá yẹ kí n máa gbèjà Ísà nínú pálọ̀ díákónì?”

Àlàájì fúnra wọn ló fa wáyà tẹlifíṣọ̀n yọ. Ara tù mí pẹ̀sẹ̀! Àwọn méjèèjì jọ mu míníràlì, wọ́n jọ ń bú àwọn tó ṣe fíìmù náà, títí Àlàájì fi lọ kírun Alásárì.

Dádì ló fẹ́ wàásù Jésù fún Àlàájì o. Ẹ bá mi dá ẹjọ́ yìí: ta ló wàásù fún ta?