Ike Oògùn Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Kò Ṣí

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló kọ́ mi ní ábídí, nílé àwọn òbí wa ní Ìgbẹmọ, kí n tó wọ iléèwé rárá. Nígbà tó yá, ó di olùkọ́ ní Adó-Èkìtì, ó sì lọ́kọ. Àdúgbò Adébáyọ̀ ni wọ́n ń gbé níbẹ̀.

Ọkọ rẹ̀ ṣàìsàn fún oṣù mélòó kan, ó sì kú. Lẹ́yìn ìsìnkú, dókítà ní kí ẹ̀gbọ́n mi wá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n bá kòkòrò éèdì lára rẹ̀. Láàárín ìwé ọkọ rẹ̀ ló ti wá rí káàdì ilé ìwòsàn kan: ó ti tó ọdún mẹ́ta tí ọkùnrin náà ti mọ̀, kò sì sọ fún un.

Èmi nìkan ló sọ ọ́ fún. Ẹyọ oògùn kan ṣoṣo ni wọ́n ní kó máa lò lóòjọ́. Kì í pa ọjọ́ tó yẹ kó lọ gbà á jẹ, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ní Sátidé kan, mò ń bá a wá ìró nínú àpótí rẹ̀. Ike oògùn mẹ́rin ni mo bá lábẹ́ aṣọ. Kò tíì ṣí ọ̀kankan.

Inú bí mi. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin tí ẹ kàwé, ṣé ẹ fẹ́ pa ara yín ni?"

Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Ó ní, "Bí mo bá ti mú un sọ́wọ́, ojú ọkọ mi ni mo ń rí. Bí mo bá gbé e mì, ó ń ṣe mí bí ẹni pé mo ti dárí jì í. N kò sì tíì dárí jì í."

"Ẹ dárí jì í, kí ẹ sì lo oògùn yín." Bí mo ṣe sọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni pé ohun tí èèyàn lè rà ní Ọjà Ọba ni ìdáríjì.

Ó ní òun ti gbọ́.

Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń pè é láràárọ̀ pé, "Ṣé ẹ ti lò ó?" Á ní, "Mo ti lò ó." N kò béèrè ohun mìíràn.

Lọ́dún kejì, ikọ́ dá a dùbúlẹ̀ sí ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì àgbàlagbà kan fa àga sún mọ́ ọn. Kò dárúkọ oògùn. Ó kàn ní, "Àǹtí, kí ló wà lọ́kàn yín?" Ẹ̀gbọ́n mi bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Yorùbá olùkọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀, èdè Èkìtì ilé wa ló ń sọ, ó ń sunkún, títí wọ́n fi gbé oúnjẹ ọ̀sán dé. Lẹ́yìn náà ló ní kí n fún òun ní omi, ó sì lo oògùn náà fúnra rẹ̀.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ló fi lò ó láìpa ọ̀kan jẹ. Ojú mi ló ṣe. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ ti bàjẹ́ jù, ó sì kú láàárọ̀ Túsìdeè kan.

Níbi ìsìnkú, àwọn ará ìjọ bi mí léèrè ohun tó pa á. Mo ní ikọ́ ni. Ìyá wa gbójú sókè wò mí.